Bí Ọkàn Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀: Ìkéde Wa Láti Port Harcourt

Àwa tí a fọwọ́ sí ìkéde yìí ń gbé ní Port Harcourt. Àwa kan ń tajà ní Mile 1 àti Mile 3, àwa kan ń ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi àti Onne. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, onímọ̀ ẹ̀rọ wà, olùkọ́ àti awakọ̀ náà wà. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wa, àwọn Ikwerre, Ogoni, Ijaw àti Igbo sì wà láàárín wa, nítorí àrùn tó kó wa jọ kì í béèrè ìlú ẹni kó tó wọlé. Olúkúlùkù wa ti tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ti sin irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a sì ti ń sunkún náà là ń ríran.

Ohun tí a rí la fẹ́ kéde. A kò gbà mọ́ pé kí wọ́n máa sọ fún ẹni àádọ́ta ọdún pé kó máa lọ sílé lọ gbàdúrà, nígbà tí ẹ̀rọ ti wà láyé tó lè bá ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́. A fẹ́ kí ìtọ́jú ọkàn ní ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ọjà, kó sì gòkè títí dé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé pọ́ǹpù sí ọkàn tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Gbogbo rẹ̀ la fẹ́, a sì fẹ́ ẹ ní títò, kí ìpìlẹ̀ ṣáájú òrùlé.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣe wá

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Bàtà tí bàbá fi ń lọ síbi iṣẹ́ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé á ní ó ti tẹ nǹkan burúkú mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sílé alágbo, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, oṣù á máa gorí oṣù. Ìrọ̀rí kan tó fi ń sùn á di méjì, á di mẹ́ta, títí tí kò fi ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Orí àga ni yóò máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ á máa fi páálí fẹ́ ẹ nítorí iná ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ilé ìwòsàn, bí dókítà bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé, kò sì ní tètè kún padà. Wọ́n á fún un ní oògùn Lasix, á tọ omi tó dúró sí i lára dànù, ara á fúyẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bí owó oògùn bá tán, á tún padà wá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá padà ni agbára ọkàn rẹ̀ ń dín kù sí i.

Ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, ó sì ń ti bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ńṣe ni ọkàn ń bá ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ jìjàdù. Iṣan rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn, nígbà tó bá yá á fẹ̀, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn kan kó tiwọn láti ara àrùn tó ba ọkàn jẹ́ ní kékeré, àwọn abiyamọ kan kó tiwọn ní ìgbà tí wọ́n bímọ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wa.

Èyí kọjá àhesọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Áfíríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, tẹ̀lé aláìsàn 1,006 ní ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 52 ló jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú. Ní Abẹ́òkúta, àkọsílẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Abà fi hàn pé nínú aláìsàn mẹ́wàá tí ọkàn wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó lé ní méje tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Àwọn tí à ń sọ yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Àwọn ló ń gbọ́ bùkátà bàbá àti ìyá tó ti darúgbó. Bí ọ̀kan bá lọ, ilé mẹ́ta ló ń gbọ̀n.

Àwa ní Port Harcourt sì tún ní ẹrù tiwa lórí ẹrù gbogbo ayé. Láti ìparí ọdún 2016 ni eruku dúdú ti ń bọ́ sórí òrùlé wa, sórí aṣọ tí a sá, sínú ihò imú àwọn ọmọ wa, láti ibi tí wọ́n ti ń dáná epo rọ̀bì lọ́nà àìtọ́ nínú igbó. Irú eruku tó kúnná bẹ́ẹ̀ kì í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Pọ́ǹpù tí àwọn dókítà ń pè ní LVAD kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ gbà lọ. Oníṣẹ́ abẹ á la egungun àyà, á dá ojú sí ṣóńṣó ọkàn ní apá òsì, á sì gán pọ́ǹpù mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn kò lágbára láti tì mọ́ á ṣàn sínú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì tì í gba inú túùbù lọ sínú iṣan ńlá tó ń pín ẹ̀jẹ̀ kárí ara. Ọkàn ẹni ṣì wà ní ipò rẹ̀, ó kàn ti rí ẹni bá a gbé e ni. Wáyà kan gba ara ikùn jáde, ó so mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí aláìsàn ń fi kọ́ ìgbànú, bátìrì méjì ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lóde òní, HeartMate 3, agbára òòfà ló gbé ohun tó ń yí nínú rẹ̀ dúró sí àárín láìfara kan ibì kankan. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ṣáá láìdánudúró, nọ́ọ̀sì lè di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú kó má gbọ́ ìlù kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ aláìsàn náà jókòó, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pẹ́ tí ayé ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀. Ní ọdún 1966, ní ìlú Houston, Michael DeBakey fi pọ́ǹpù ran ọkàn obìnrin kan lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọkàn náà sì gbéra padà. Ní ọdún 2001, ìwádìí REMATCH ní Amẹ́ríkà pín aláìsàn 129 tí kò lè gba ọkàn ẹlòmíràn sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn tó gba pọ́ǹpù, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló pé ọdún kan láyé. Nínú àwọn tó gba oògùn nìkan, 25 ni. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn tóbi, ó sì tètè ń bàjẹ́. Pẹ̀lú HeartMate 3 ti òde òní, nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pé ọdún márùn-ún. Ní Oxford, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Houghton gba pọ́ǹpù kékeré kan ní ọdún 2000 nígbà tó ku díẹ̀ kó kú. Ó lò ó fún ohun tó lé ní ọdún méje, ó rìnrìn àjò, ó kọ̀wé, ó fẹsẹ̀ rìn ní ọ̀nà jíjìn láti fi wá owó fún àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀.

A kò ní fi ewu rẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dà. Ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó sì di rọpárọsẹ̀. Ojú ibi tí wáyà ti jáde lè kẹ̀. Apá ọ̀tún ọkàn lè kọ̀ láti bá pọ́ǹpù rìn. Ojoojúmọ́ ni aláìsàn yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Pọ́ǹpù nìkan, kí á tó dé orí iṣẹ́ abẹ, ń gba ẹgbẹẹgbàárùn-ún lọ́nà púpọ̀ owó dọ́là. A mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, a ń bèèrè.

Ọ̀nà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ga ju orílẹ̀-èdè wa lọ. Kí wọ́n rántí Enugu. Ní ọdún 1974, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n ṣí àyà ènìyàn níbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ilé ìwòsàn University of Nigeria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, Magdi Yacoub, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, sì wá láti Lọ́ńdọ̀nù láti bá wọn ṣe é. Yacoub yìí kan náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Harefield sọ fún gbogbo ayé ní ọdún 2006 pé, nínú aláìsàn 15 tí wọ́n fi pọ́ǹpù sí lára, tí wọ́n sì fún ní oògùn tó péye, 11 ni ọkàn wọn gbéra débi pé wọ́n yọ pọ́ǹpù náà kúrò. Ọwọ́ tó ṣe ti Harefield ti kan ilẹ̀ Nàìjíríà rí.

Èédú Enugu ló bí ìlú Port Harcourt. Torí kí wọ́n lè rí ibi kó o jáde sórí òkun ni wọ́n ṣe dá ìlú yìí sílẹ̀ ní ọdún 1913, tí ọkọ̀ ojú irin sì so ìlú méjèèjì pọ̀ ní ọdún 1916. Ó ti tó àkókò kí ìmọ̀ náà gba ọ̀nà yẹn wá. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ẹgbẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamar Adeleke ṣíwájú ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ilé ìwòsàn Babcock. Ní New York, ọmọ Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anelechi Anyanwu, wà lára àwọn tó ń gbé pọ́ǹpù sí ọkàn àwọn ará Amẹ́ríkà ní Mount Sinai. Orí pípé wà lọ́wọ́ wa. Ilé tí orí náà yóò ti ṣiṣẹ́ la kò tíì kọ́ parí.

Àwọn ìlànà wa

Ìlànà kìíní: Ẹ̀mí kò ju ẹ̀mí lọ. Ìlú epo ni Houston, ìlú epo ni Port Harcourt. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì ńlá ní Houston ló ti fa epo ní ilẹ̀ wa. Bí ará Houston bá lẹ́tọ̀ọ́ sí pọ́ǹpù nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀, ará Diobu náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìlànà kejì: Òkèèrè la ti ń wo igi tó fẹ́ gún ni lójú. Ẹni tó bá mọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ogójì ọdún, tó sì lo oògùn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má nílò pọ́ǹpù láéláé. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti gáréèjì ìlú yìí. A ó ja ìjà yìí pẹ̀lú agbára kan náà tí a fi ń bèèrè ẹ̀rọ ńlá.

Ìlànà kẹta: Oògùn ṣáájú abẹ. Oríṣi oògùn mẹ́rin ló wà lónìí tó ń mú ẹ̀mí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gùn: èyí tó ń dẹ ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ọkàn sinmi bíi carvedilol àti bisoprolol, spironolactone, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi dapagliflozin. Lasix ń fa omi, kì í tún ọkàn ṣe. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní ọdún 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ ni owó oògùn púpọ̀ ti ń fò sókè. Ẹni tí kò bá rí oògùn mẹ́rin yìí lò kò tíì gba ìtọ́jú. A kò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lọ sórí tábìlì abẹ nítorí oògùn tí ó yẹ kó rí ní kẹ́mísì.

Ìlànà kẹrin: Èèyàn ṣáájú ẹ̀rọ. Gbogbo wa ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tó wọ ilé ìwòsàn ìjọba nínú páálí, tó sì dógùn-ún níbẹ̀. Pọ́ǹpù ọkàn kò gbọdọ̀ di ọ̀kan nínú wọn. Oníṣẹ́ abẹ kan kò tó. Ó gba dókítà ọkàn, dókítà tó ń fúnni ní oògùn oorun, ẹni tó mọ ẹ̀rọ tó ń rọ́pò ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀, àti ẹni tí aláìsàn lè pè lórí fóònù ní aago méjì òru. Kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n sanwó fún wọn dáadáa, kí wọ́n má bàa bá ọkọ̀ òfurufú lọ.

Ìlànà karùn-ún: Iná jẹ́ oògùn. Ẹni tó ní pọ́ǹpù yìí kì í yọ bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á yọ ọ̀kan, á fi èyí tó kún sí i, á wò ó dáadáa pé ó ti mú, kó tó fọwọ́ kan ìkejì. Bátìrì méjì tó kún lè gbé ẹ̀rọ náà fún nǹkan bí wákàtí 17, ní òru sì ni aláìsàn máa ń so ó mọ́ iná ilé. Ní ọdún 2024, léraléra ni gbogbo iná orílẹ̀-èdè yìí ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, sólà àti ínfátà ilé aláìsàn jẹ́ ara iṣẹ́ abẹ náà, bátìrì àfikún náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé pọ́ǹpù síni lára tí kò ṣètò iná fúnni ti dá ẹ̀mí ẹni sílẹ̀ sójú títì.

Ìlànà kẹfà: Ìlú wa mọ pọ́ǹpù. Ní Eleme, ní Onne, ní Bonny, tọ̀sán-tòru ni àwọn ọmọ wa ń tọ́jú pọ́ǹpù tó ń ti epo àti gáàsì káàkiri ayé. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé nǹkan fẹ́ dí i, bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú pọ́ǹpù epo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ti ẹ̀jẹ̀. A fẹ́ kí àwọn yunifásítì wa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ìwòsàn fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, kí Port Harcourt lè di ibi tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yóò ti máa wá kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìlànà keje: Òtítọ́ ni ẹ̀tọ́ aláìsàn. Kí dókítà sọ fún un ní èdè tó gbọ́: ohun tó ń ṣe é, ohun tí pọ́ǹpù lè ṣe, ohun tó lè dà. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ẹ, ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dópin níbẹ̀. Kí wọ́n gba ìnira kúrò lára rẹ̀, kí ó mí, kí ó sùn, kí ó wà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn pásítọ̀, àlùfáà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ tí aláìsàn ń kọ́kọ́ lọ bá jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ wa. A bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ tó wú àti ẹni tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, kí àdúrà àti ọ̀nà ilé ìwòsàn máa lọ pọ̀.

Ìlànà kẹjọ: Kò sí ìdílé tó gbọ́dọ̀ ta ilé kí ọkàn ẹnì kan tó lè lù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ní Àbújá tiwa yìí, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba yóò máa lọ sí ìlera. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọlé sí ètò náà. Òfin wà nílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni kí wọ́n mú un ṣẹ.

Ohun tí a ń bèèrè

Lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers: wọ́n ti kọ́ ilé ìtọ́jú kan sí ìlú yìí fún àrùn jẹjẹrẹ àti àrùn ọkàn, wọ́n fi orúkọ Dókítà Peter Odili sọ ọ́. Kí wọ́n sọ fún ará ìlú iye dókítà ọkàn tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti iye tó ń ná mẹ̀kúnnù.

Lọ́wọ́ University of Port Harcourt Teaching Hospital ní Alakahia, àti ilé ìwòsàn yunifásítì ti ìjọba Rivers tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Braithwaite: kí wọ́n dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn tí ọkàn wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀ nìkan, kí wọ́n pa ìwé àkọsílẹ̀ wọn mọ́ bí ti Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì máa fi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le ránṣẹ́ sí Enugu kó tó pẹ́ jù.

Lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo àti gáàsì: díárì àti kálẹ́ńdà tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ti tó. Kí wọ́n rán ọmọ ìlú yìí lọ kọ́ṣẹ́ abẹ ọkàn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, kí àwọn ọmọ náà sì buwọ́ lùwé pé wọn yóò padà wá ṣiṣẹ́ níbí.

Lọ́wọ́ àwọn dókítà wa lókè òkun: ẹ wá, ẹ má sì dá nìkan ṣe é. Bí Yacoub ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Udekwu ni kí ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nílé, kí iṣẹ́ lè máa bá a lọ nígbà tí ẹ bá ti padà.

Lọ́wọ́ ara wa: olúkúlùkù wa yóò mọ ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, yóò sì mú ẹni mẹ́wàá lọ wọn tiwọn. A ó fi ẹ̀jẹ̀ wa sílẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́ ẹ̀jẹ̀. A kò ní jẹ́ kí eruku dúdú mọ́ wa lára láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ láìkọ́ èèyàn, a ó wí. Bí wọ́n bá kọ́ èèyàn láìsanwó fún wọn, a ó wí.

Ẹni tó bá ní àkàbà ìtọ́jú tí a ń bèèrè yìí ga jù, kó wo àwọn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ rẹ̀: ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn, ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìpamọ́, iná tí kì í lọ, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹ̀mí là kí á tó dé orí pọ́ǹpù. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀, ọmọdé tí a bí pẹ̀lú ọkàn tó lu yóò jẹ nínú rẹ̀, ẹni tí mọ́tò gbá ní East-West Road yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ẹ dé òkè téńté.

Bí o bá gba ohun tí a kọ síbí, fọwọ́ sí i, kí o sì mú un lọ sí àdúgbò rẹ. Ọdọọdún ni a ó máa kà á sétí gbogbo àwọn tí a dárúkọ, ìlànà kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, a ó sì bi wọ́n léèrè ní gbangba ibi tí iṣẹ́ dé, títí di ọjọ́ tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ yóò rí ìtọ́jú rẹ̀ gbà ní Port Harcourt, láti orí oògùn àkọ́kọ́ títí dé orí pọ́ǹpù.